Bí A Ṣe Ń Mú Kí Ọgbà Ilé Lẹ́wà Nígbà Yìnyín

Bí ẹ bá ní kí ọmọ Yorùbá tún àyíká ilé ṣe, àdá àti ìgbálẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí. Kí ilẹ̀ mọ́ tónítóní, kí koríko má ta sókè lẹ́nu ọ̀nà, kí àlejò wọlé kó sì mọ̀ pé ọmọlúàbí ló ń gbé ibẹ̀. Àṣà tó dáa ni. Àmọ́ ní ìlú òtútù, àṣà yìí gan-an ló ń sọ ọgbà ọ̀pọ̀ nínú wa di gbalasa. Tí oṣù Kẹwàá bá ń parí lọ ní Chicago, onílé á gé gbogbo òdòdó tó ti gbẹ mọ́lẹ̀, á ro ẹ̀bá fẹ́ǹsì, á kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí. Láti ìgbà náà títí di oṣù Kẹta, ilẹ̀ òfìfo ni yóò máa wò. Yìnyín á bọ́ tán, kò ní rí nǹkan kan bà lé.

Ohun méjì ló ń mú ọgbà lẹ́wà nígbà yìnyín: ohun tí a fi sílẹ̀ láìgé, àti ohun tí a ti gbìn kí ilẹ̀ tó dì. Chicago ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọmọ Yorùbá tó nílé níbẹ̀ kò kéré, òtútù ibẹ̀ kì í sì í ṣe eré. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 1985, ó wálẹ̀ dé ìwọ̀n 27 nísàlẹ̀ òdo lórí Fahrenheit, ìyẹn nǹkan bíi 33 nísàlẹ̀ òdo lórí Celsius. Ẹni tó ń gbé ní Detroit, Toronto tàbí New York náà lè lo ọ̀pọ̀ nínú àlàyé yìí. Ẹ jẹ́ ká tò ó ní ẹsẹẹsẹ.

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú fèrèsé

Nígbà ooru, inú ọgbà la máa ń jókòó sí. Nígbà òtútù, inú ilé la ti ń wò ó. Nítorí náà, ẹ má tíì jáde. Ẹ dúró síbi tí ẹ ti ń fọ abọ́, ẹ jókòó sórí àga tí ẹ ti ń mu tíì láàárọ̀, kí ẹ sì dúró sẹ́nu ọ̀nà tí ẹ ń gbà wọlé tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ohun tí ojú yín bá kọ́kọ́ bá pàdé láti ibi mẹ́ta yìí ni kí ẹ náwó lé. Ẹ̀yìn ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ẹnikẹ́ni kì í dé títí di oṣù Kẹrin lè dúró de ọdún mìíràn.

Ẹ fi fóònù ya fọ́tò láti ibi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì yọ àwọ̀ kúrò lára fọ́tò náà kó di dúdú àti funfun. Bí àwọ̀ bá ti lọ, ìrísí nìkan ló kù: ohun tó ga, ohun tó kúrú, ohun tó ṣókùnkùn, ohun tó mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ohun gbogbo ga bákan náà, tí kò sí ibi tí ojú ti lè dúró, ẹ ti mọ ibi tí iṣẹ́ wà.

Ẹ wo oòrùn pẹ̀lú. Ní ọjọ́ tó kúrú jù lọ nínú oṣù Kejìlá, ojúmọ́ ní Chicago kò ju wákàtí mẹ́sàn-án àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, oòrùn ọ̀sán gan-an kì í sì í gòkè ju ìwọ̀n 25 lọ láti etí ilẹ̀. Oòrùn tó lọ sílẹ̀ tó báyìí máa ń gba àárín koríko gíga kọjá, á sì mú kó máa dán. Ibi tí oòrùn yóò ti bọ́ sẹ́yìn koríko bí ẹ bá ń wò ó láti inú ilé, ibẹ̀ ni kí ẹ gbìn ín sí.

2. Ẹ mọ bí òtútù àdúgbò yín ṣe le tó

Iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, USDA, ní àwòrán ilẹ̀ kan tó pín orílẹ̀-èdè náà sí ẹkùn 13 gẹ́gẹ́ bí òtútù tó le jù lọ nínú ọdún ṣe máa ń rí níbẹ̀. Ẹkùn kan fi ìwọ̀n Fahrenheit 10 yàtọ̀ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Àwòrán tuntun tí wọ́n gbé jáde ní 2023 fi apá tó pọ̀ nínú Chicago sí ẹkùn 6a, ìyẹn ìdajì tó tutù jù nínú ẹkùn 6, níbi tí òtútù tó le jù lọ lọ́dún sábà máa ń wà láàárín 10 sí 5 nísàlẹ̀ òdo lórí Fahrenheit. Ẹ lè fi nọ́ńbà ZIP àdúgbò yín wá tiyín lórí ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà, “sábà”, sọ́kàn. Ìṣirò ọdún púpọ̀ tí wọ́n pín dọ́gba ni, kì í ṣe ìlérí. Òtútù bíi ti 1985 kì í bèèrè àwòrán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹni tó bá wà ní ẹkùn 6, kó ra igi tí wọ́n kọ ẹkùn 5 tàbí 4 sí lára. Bí ẹ bá fẹ́ fi igi náà sínú ìkòkò dípò ilẹ̀, ẹ tún fi ẹkùn méjì dín, torí pé òtútù máa ń ká gbòǹgbò mọ́ inú ìkòkò láti ìhà gbogbo.

3. Ẹ gbin ohun tí yóò dúró

Nígbà ooru, òdòdó máa ń bo àléébù ọgbà mọ́lẹ̀. Tí òdòdó bá lọ, igi ló kù. Irú igi méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Èkíní ni igi tí kì í wọ́wé. Arborvitae, juniper àti yew wọ́pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta igi ní Chicago, boxwood sì wà fún ẹni tó ń fẹ́ èyí tó kúrú. Ewé wọn kì í kúrò nígbà tí ohun yòókù bá ti gbẹ, yìnyín sì máa ń rí ibi jókòó lé lórí wọn. Ẹ má fi wọ́n ṣe ògiri yí ilé ká. Mẹ́ta tí ẹ gbìn pọ̀ sí igun kan, tí gíga wọn kò dọ́gba, sàn ju mẹ́wàá tó tò gbọọrọ lọ. Nínú gbogbo igi ọgbà yín, kí irú èyí má ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, ọgbà á ṣókùnkùn, oṣù kan ò sì ní yàtọ̀ sí èkejì níbẹ̀.

Èkejì ni igi tó ń wọ́wé ṣùgbọ́n tí èèpo ara rẹ̀ lẹ́wà. Paperbark maple, tó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá, ní èèpo pupa rúsúrúsú tó máa ń ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí oòrùn á sì máa tàn gba àárín rẹ̀. Kì í tètè dàgbà, kì í gba àyè púpọ̀, ó sì bá iwájú ilé tí kò fẹ̀ mu. River birch náà ń ṣí èèpo, ó sì ń yára ga, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ omi àti àyè. Ẹ má gbìn ín ti ògiri.

Àsìkò ìgbìn ṣe pàtàkì. Láti ìparí oṣù Kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ni kí ẹ gbin igi tí kì í wọ́wé, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè mú ilẹ̀ kí òtútù tó dé. Ẹ gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ìdì gbòǹgbò, àmọ́ kó má jìn jù ú lọ. Ibi tí ìdí igi ti ń fẹ̀ di gbòǹgbò gbọ́dọ̀ hàn lókè ilẹ̀. Igi tí a bá rì jù kì í pẹ́ kó tó máa ṣàìsàn.

4. Ẹ wá ohun pupa

Lórí yìnyín funfun, kò sí àwọ̀ tó ń pe ojú bíi pupa. Bó bá jẹ́ igi kan ṣoṣo ni owó mi ká, red twig dogwood ni màá rà. Nígbà ooru, kò sẹ́ni tí yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tí ewé rẹ̀ bá wọ́ tán, ẹ̀ka rẹ̀ á pọ́n láti ìdí dé orí, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí òtútù á fi lọ. Ó ń gba ilẹ̀ amọ̀, ó ń gba ibi tó rin, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ gbin mẹ́ta pọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí igi tútù kan wà lẹ́yìn wọn kí pupa náà lè yọ dáadáa. Ẹ̀ka tó kéré lọ́jọ́ orí ló máa ń pọ́n jù. A óò rí bí a ṣe ń mú kó máa yọ tuntun tí a bá dé ìgbésẹ̀ kọkànlá.

Winterberry ni èkejì. Òun náà ń wọ́wé, àmọ́ èso pupa wẹ́wẹ́ á ṣùjọ sára ẹ̀ka rẹ̀. Akọ àti abo ló ní, abo nìkan ló sì ń so. Ẹni tó bá ra abo láìra akọ yóò kàn máa wo ẹ̀ka lásán. Akọ kan tó wà nítòsí tó fún abo mélòó kan, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ máa tanná lásìkò kan náà. Níbi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ bèèrè akọ Jim Dandy fún abo Red Sprite, tàbí akọ Southern Gentleman fún abo Winter Red.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ yín. Winterberry ń fẹ́ ilẹ̀ tó rin tó sì kan díẹ̀, bẹ́ẹ̀ amọ̀ tí kò kan ló pọ̀ ní agbègbè Chicago. Nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ewé winterberry máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, river birch pàápàá kì í gbádùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ irú ilẹ̀ yẹn lẹ ní, ẹ ra crabapple, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń tà á pé èyí tí èso rẹ̀ kì í tètè já lẹ ń fẹ́. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé nípa winterberry àti yew: ẹyẹ ló ń jẹ èso winterberry, ó ń mú ènìyàn bì, ti yew sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí májèlé gidi ló wà nínú kóró àti ewé rẹ̀.

5. Ẹ fi àdá sílẹ̀

Èyí ni ìgbésẹ̀ tó rọrùn jù, tó sì nira fún wa jù. Tí òdòdó bá gbẹ ní oṣù Kẹwàá, ẹ má gé e. Ẹ jẹ́ kí pòròpórò rẹ̀ dúró.

Ẹ wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe tí yìnyín bá dé. Orí coneflower máa ń le, á dúdú, á sì dúró ṣánṣán. Yìnyín á dé e ní fìlà funfun, ẹyẹ goldfinch á sì wá máa ṣa kóró inú rẹ̀ jẹ. Black-eyed Susan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ orí tirẹ̀ kéré. Sedum tí wọ́n ń pè ní Autumn Joy ní orí pẹrẹsẹ tó ń gba yìnyín dúró. Hydrangea Annabelle, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ìlú Anna ní ìpínlẹ̀ Illinois tí Chicago wà, máa ń di orí òdòdó gbígbẹ rẹ̀ mú fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọ̀ rẹ̀ á wá di ti bébà tó ti pẹ́.

Koríko ni ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Karl Foerster, tí wọ́n fi orúkọ ará Jámánì kan tó ń gbin òdòdó tà sọ, máa ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5, ó sì ń nà ró gbọnrangandan. Yìnyín lè tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ó sábà máa ń nàró padà. Switchgrass, tó jẹ́ koríko ilẹ̀ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, máa ń di àwọ̀ ìyẹ̀fun àgbàdo sísun, afẹ́fẹ́ á sì máa gbọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Nínú ọgbà tí ohun gbogbo ti dákẹ́, ohun tó ń mì yìí kì í jẹ́ kí ibẹ̀ dà bí ibi tó ti kú.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá tíì yé, kó lọ sí Lurie Garden nínú Millennium Park ní àárín Chicago nínú oṣù Kìíní. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ṣí i ní 2004, Piet Oudolf, ará Netherlands, ló ṣètò òdòdó àti koríko ibẹ̀. Wọn kì í gé e mọ́lẹ̀ nígbà òtútù. Gbogbo pòròpórò náà ló ń dúró títí ìgbà òtútù á fi ń kógbá. Oudolf kò ka òdòdó gbígbẹ sí ìdọ̀tí. Bí ewéko yóò ṣe rí lẹ́yìn tó bá gbẹ wà lára ohun tó fi ń yàn án.

Àǹfààní mìíràn tún wà. Àwọn oyin kan tí kì í gbé inú ilé oyin máa ń yé ẹyin sínú ihò pòròpórò, ọmọ wọn á sì sun òtútù náà já níbẹ̀. Ẹni tó bá kó pòròpórò dànù ní oṣù Kọkànlá ti kó wọn dànù.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni a ń fi sílẹ̀ o. Ẹ gé èyí tí àrùn mú, pàápàá ewé peony tó ní àbààwọ́n. Ẹ gé ewé iris, torí pé kòkòrò tó ń jẹ ìdí rẹ̀ máa ń yé ẹyin sí i. Ẹ kó ewé hosta tó ti rọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ sì fa tòmátì àti ata tó ti kú tu. Ewé tó bá wọ́ sórí koríko tútù iwájú ilé, ẹ kó o lọ sí ìdí òdòdó. Yóò dáàbò bo gbòǹgbò, yóò sì di ajílẹ̀.

Ojú aládùúgbò ńkọ́? Ibí ni ìgbálẹ̀ wa ti wúlò. Ẹ gé etí ibi tí ẹ gbin òdòdó sí kó dọ́gba gbọọrọ. Ẹ gé koríko iwájú ilé nígbà ìkẹyìn, ẹ gbá ojú ọ̀nà, ẹ gbé àga tó ti já kúrò. Bí etí bá mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá á mọ̀ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi àárín sílẹ̀ ni. Bí àdúgbò yín bá ní ẹgbẹ́ onílé tó ní òfin lórí ọgbà, ẹ ka òfin náà ṣáájú.

6. Iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ parí kí ilẹ̀ tó dì

Omi ni àkọ́kọ́. Ẹni tó ti gbé nínú ọyẹ́ rí mọ bí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ṣe ń la ètè àti gìgísẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣe ewé igi tí kì í wọ́wé: oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń fa omi kúrò lára rẹ̀, gbòǹgbò kò sì lè fa òmíràn torí pé ilẹ̀ ti dì. Tó bá di oṣù Kẹta, ẹ ó rí i pé apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà ti pọ́n. Ẹ máa bomi rin wọ́n dáadáa títí di ìgbà tí ilẹ̀ bá dì, pàápàá èyí tí ẹ gbìn lọ́dún náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tú róbà omi kúrò lára ẹ̀rọ, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, kí ẹ sì pa omi tó ń lọ síta láti inú ilé. Omi tó bá dì máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bẹ́ páìpù.

Ẹ fi àwọ̀n wáyà olójú wẹ́wẹ́ yí ìdí igi kékeré ká. Tí oúnjẹ bá wọ́n, ehoro á jẹ èèpo igi yípo, igi náà á sì kú. Kí àwọ̀n náà ga ju ibi tí yìnyín máa ń ga dé lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 2, torí pé orí yìnyín ni ehoro yóò dúró lé. Igi tuntun tí èèpo rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tún ń fẹ́ kí a fi nǹkan funfun wé ìdí rẹ̀: oòrùn ọ̀sán á mú èèpo náà gbóná, òtútù alẹ́ á dì í lójijì, yóò sì là. Tí òtútù bá ti lọ, ẹ tú u.

Ẹ̀ẹ́rún igi tí a ń dà sí ìdí òdòdó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kánjú dà. Ẹ dúró kí ilẹ̀ dì ná. Kì í ṣe kí ilẹ̀ má baà dì la ṣe ń dà á, bí kò ṣe kó má baà máa dì kó tún máa yọ́ lemọ́lemọ́. Ìdì àti ìyọ́ yìí ló ń ti òdòdó tuntun jáde kúrò nínú ilẹ̀. Ínṣì 3 tó. Ẹ má jẹ́ kó kan ìdí igi.

7. Ìkòkò ẹnu ọ̀nà

Èyí ló ń yára mú ilé lẹ́wà jù, ọwọ́ ẹni tó ń gbé inú fúláàtì sì tó o. Ẹ má lo ìkòkò amọ̀. Ó ń fa omi sára, òtútù á sì là á. Ẹ lo ti irin, ti igi tàbí ti oníke tó nípọn. Ẹ jẹ́ kí erùpẹ̀ ìgbà ooru wà nínú rẹ̀. Láàárín oṣù Kọkànlá, kí erùpẹ̀ náà tó dì, ẹ gé ẹ̀ka pine, cedar àti juniper, ẹ gé ìdí wọn ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì rì wọ́n jìn. Ẹ̀ka tó ń wọ́ sílẹ̀ ni kó wà ní etí, èyí tó nàró ni kó wà láàárín. Ẹ̀ka dogwood pupa márùn-ún tàbí méje ni kó ga jù lọ.

Tí ẹ bá tò ó tán, ẹ bomi rin ín dáadáa. Omi náà á dì, yóò sì di gbogbo ẹ̀ka mú gírígírí títí di oṣù Kẹta. Ẹ̀ka gígé ni, kò ní gbòǹgbò, nítorí náà kò sí pé òtútù á pa á.

8. Ọjọ́ tí yìnyín bá bọ́

Ẹ fi yìnyín tó jókòó sórí òdòdó gbígbẹ sílẹ̀. Èyí tó wúwo lórí arborvitae àti boxwood nìkan ni kí ẹ gbọ̀n, kó má baà ya ẹ̀ka. Ẹ fi ìgbálẹ̀ ti ẹ̀ka náà láti ìsàlẹ̀ sókè; ẹni tó bá ń gbá a láti òkè wálẹ̀ ń kún ẹrù tó ti wúwo tẹ́lẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ omi dídì ló ti bo ẹ̀ka, tó ń dán gbinrin, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Yóò ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ́ ọ.

Tí ẹ bá ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín ojú ọ̀nà, èyí tó mọ́ ni kí ẹ dà sí ìdí òdòdó. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín yìnyín kì í jẹ́ kí òtútù líle wọlé dé ilẹ̀, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ẹ́rún igi. Èyí tó ti ní iyọ̀ nínú, ẹ gbé e jìnnà: iyọ̀ ń jó gbòǹgbò, ó sì ń ba ilẹ̀ amọ̀ jẹ́. Joy Morton, olówó tó dá iléeṣẹ́ iyọ̀ Morton Salt sílẹ̀, ló tún dá ọgbà igi ńlá Morton Arboretum sílẹ̀ ní Lisle, lẹ́bàá Chicago, ní 1922. Ọwọ́ kan náà lè ta iyọ̀ kó sì gbin igi, àmọ́ kì í dà wọ́n pọ̀ sójú kan. Níbi tí ọ̀nà bá sún mọ́ òdòdó, yanrìn ni kí ẹ dà kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀.

Tí ilẹ̀ bá ṣú ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, iná kékeré kan tàbí méjì tó pọ́n díẹ̀, tí ẹ gbé sílẹ̀ kó máa tàn sára igi tí èèpo rẹ̀ lẹ́wà, tó. Iná funfun líle máa ń sọ ọgbà di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ pa á tí ẹ bá ń lọ sùn.

9. Ẹ fún ẹyẹ ní oúnjẹ àti omi

Cardinal ni ẹyẹ tí ìpínlẹ̀ Illinois fi ṣe àmì ara rẹ̀. Akọ rẹ̀ pupa fòò, kì í sì í sá lọ nígbà òtútù. Kóró sunflower dúdú ló fẹ́ràn jù. Ẹ gbé oúnjẹ náà sítòsí igi tí kì í wọ́wé, kó lè ríbi sá sí tí àṣá bá dé. Kó má jìnnà sí fèrèsé ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, tàbí kó jìnnà ju 30 lọ. Àárín méjèèjì yìí ni ẹyẹ ti ń fi ipá gbá dígí tó sì ń kú. Omi tí kò dì ṣọ̀wọ́n fún wọn ju oúnjẹ lọ, nítorí náà abọ́ omi tó ń lo iná mànàmáná láti má dì yóò pe ẹyẹ wá gan-an.

10. Ẹ rì ohun tí yóò tanná nínú yìnyín

Vernal witch hazel, igi kékeré ilẹ̀ Amẹ́ríkà, máa ń tanná láàárín oṣù Kìíní sí Kẹta. Òdòdó rẹ̀ dà bí okùn wẹ́wẹ́, àwọ̀ rẹ̀ pupa pọ̀ mọ́ yẹ́lò, ó sì ń ta sánsán. Tí òtútù bá le, á ká ara rẹ̀ kò. Tí oòrùn bá yọ, á tún nà án. Ẹ gbìn ín sẹ́bàá ọ̀nà tí ẹ ń gbà wọlé kí òórùn rẹ̀ lè kàn yín.

Òdòdó snowdrop kò wọ́n. Nínú oṣù Kẹwàá, ẹ ra bulb rẹ̀, ìyẹn ìdí rẹ̀ tó dà bí àlùbọ́sà, ẹ rì í ní ínṣì 3 sábẹ́ igi tó ń wọ́wé, kí ẹ kó bíi mẹ́wàá pọ̀ sójú kan. Kò ní dúró kí yìnyín tán kó tó yọ orí, yóò sì máa pọ̀ sí i fúnra rẹ̀ lọ́dọọdún.

11. Ìgbà tó yẹ kí ẹ gé

Ìparí oṣù Kejì sí oṣù Kẹta ni àdá tó padà dé. Ẹ gé koríko gíga kù ní ínṣì 4 sí 6 kí èyí tuntun tó hù. Ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ka dogwood, èyí tó dàgbà jù tó sì ti ṣókùnkùn, títí dé ilẹ̀. Ẹ̀ka tuntun tó pọ́n ni yóò rọ́pò rẹ̀. Pòròpórò òdòdó, ẹ gé orí rẹ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan sí ọ̀kan ààbọ̀ sílẹ̀ fún oyin; ewé tuntun á bò ó mọ́lẹ̀ kí oṣù Karùn-ún tó parí.

Bí owó tàbí àyè kò bá tó

Ẹ má gbìyànjú láti ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́dún kan. Ọdún kìíní, ẹ má gé òdòdó, ẹ rì snowdrop, kí ẹ sì to ìkòkò kan sẹ́nu ọ̀nà. Èyí kò gba ju owó bulb àti ẹ̀ka lọ. Ọdún kejì, ẹ ra dogwood mẹ́ta àti koríko mẹ́ta. Ọdún kẹta ni kí ẹ tó fọwọ́ kan igi ńlá, torí pé ìgbà yẹn ni ẹ ó ti mọ ibi tí yìnyín ń kó jọ sí, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, àti fèrèsé tí ẹ ń dúró sí jù. Igi tí a gbìn láìmọ nǹkan mẹ́ta yìí, a sábà máa ń padà wú u ni.